Ẹ Bi Wá, À Ó Dáhùn: Gẹ̀ẹ́sì Tí Yunifásítì Ń Béèrè

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ìjọba kan. B3 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC, JAMB náà kò sì dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé, mo máa ń ka ojú ìwé kan ní àkàtúnkà kí n tó mọ ohun tí ó ń wí, iṣẹ́ àṣetiléwá mi sì ń padà wá pẹ̀lú ìlà pupa lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n ti Èkó wá máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá la ẹnu, nítorí náà n kì í nawọ́ sókè mọ́ ní kíláàsì. Ṣé kí n pa Yorùbá tì fún ìgbà díẹ̀ ni, kí Gẹ̀ẹ́sì mi lè já gaara? — *Ọmọ Òkè-Ògùn*

Ìdáhùn: Ọmọ Òkè-Ògùn, B3 rẹ kì í ṣe irọ́. Ìdánwò tí o yege àti iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ báyìí ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìbéèrè 60 ni JAMB máa ń bi ọmọ nínú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí o ṣáà mú èyí tí ó tọ̀nà nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni. WAEC ní kí o kọ lẹ́tà tàbí àròkọ, kí o sì ka àyọkà kúkúrú. Kò sí èyí tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ojú ìwé 20 lórí ilẹ̀ àti ajílẹ̀, kí a yọ èrò òǹkọ̀wé jáde, kí a sì fi ọ̀rọ̀ ara ẹni gbè é lẹ́sẹ̀ tàbí kí a takò ó. A kò bí irú èdè yẹn mọ́ ẹnikẹ́ni; àwọn ọmọ Èkó tí ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, bí ẹnu wọn tilẹ̀ yá ju tìrẹ lọ.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkà. Gbólóhùn inú ìwé ẹ̀kọ́ máa ń gùn nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ fẹ́ràn láti sọ ìṣe di orúkọ: dípò kí wọ́n wí pé òjò kò rọ̀ tó, nítorí náà ajílẹ̀ kò ṣiṣẹ́, wọn a kọ ọ́ pé ‘the ineffectiveness of fertiliser application under conditions of low rainfall’, gbogbo gígùn yẹn sì jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo tí ó ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Nígbà tí o bá pàdé irú rẹ̀, kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé gbólóhùn náà ró, kí o wá bi ara rẹ pé ta ni ó ṣe kí ni. Lẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, fi Yorùbá kọ ìlà kan sí etí ìwé nípa ohun tí o rí dì mú níbẹ̀. Bí o kò bá lè kọ ìlà yẹn, ìpínrọ̀ náà kò tíì yé ọ, bí ó ti wù kí o há a sórí tó.

O rí i pé n kò ní kí o pa Yorùbá tì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ kékeré ni wọ́n, ìwọ sì ti di àgbà. Síbẹ̀, ohun tí ó bá ti yé ènìyàn ní èdè kan rọrùn fún un láti wá ọ̀rọ̀ fún ní èkejì, èyí sì kan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ju ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀, má ṣe dààmú jù nípa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín gan-an, irú bíi ‘photosynthesis’, nítorí pé olùkọ́ yín yóò dúró ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn tí ń gbé ọmọ ṣubú ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàlàyé, nítorí pé gbogbo ènìyàn rò pé ẹ ti mọ̀ wọ́n: ‘assume’, ‘derive’, ‘consist’, ‘significant’. Ní ọdún 2000, Averil Coxhead, onímọ̀ èdè kan ní New Zealand, tẹ àkójọ irú wọn jáde láti inú ìwé oríṣiríṣi ẹ̀ka ìmọ̀. Ìdílé ọ̀rọ̀ 570 ni ó wà nínú rẹ̀ (‘assume’, ‘assumed’ àti ‘assumption’, ìdílé kan náà ni wọ́n), wọ́n sì ń jẹyọ léraléra yálà nínú òfin, ìṣòwò tàbí sáyẹ́ǹsì. Àkójọ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mú un ní díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa kọ gbólóhùn tí o ti bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pàdé nínú ìwé tìrẹ sílẹ̀, torí pé ‘significant’ tí wọ́n ń sọ nípa èsì ìwádìí (pé kò jọ pé ó kàn ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀) kì í ṣe ‘significant’ tí ìwé ìròyìn ń sọ (pé ó ṣe pàtàkì).

Nínú kíkọ, àṣìṣe àwa ọmọ Yorùbá kì í fara pamọ́, oore sì nìyẹn, nítorí a mọ ibi tí a ó ti máa ṣọ́ wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í pààrọ̀ ìrísí: a ní ‘ó lọ lánàá’, ‘ó máa ń lọ’, ‘yóò lọ’, nítorí náà, bí ìkánjú bá dé, ‘s’ àti ‘ed’ Gẹ̀ẹ́sì a sá lọ. ‘Ó’ kan náà ni a ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko, ‘wọ́n’ ni a sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo, èyí tí ó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ nípa olórí ẹ̀ka rẹ̀ pé ‘they are not in the office’. Kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kà á lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, kí o tún kà á fún arọ́pò-orúkọ nìkan. Ẹni tí ó bá ń wá gbogbo àṣìṣe pọ̀ kì í rí ìdajì wọn. Àwọn ìlà pupa yẹn ńkọ́? Mú ìwé náà lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì, kí o kí wọn dáadáa, kí o sì bèèrè nípa ìlà kan tàbí méjì péré. Inú ọ̀pọ̀ wọn máa ń dùn sí i. Èyí tí inú rẹ̀ kò bá dùn kò kúkú ní lù ọ́.

Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ni ó kéré jù. Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 ni Yorùbá ní, kò ní ‘v’ tàbí ‘z’, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra; kò yà mí lẹ́nu bí ‘ship’ àti ‘sheep’ bá jáde lẹ́nu rẹ bí ọ̀kan náà, ìyókù gbólóhùn a sì máa là á yé olùgbọ́. Ohun tí ó máa ń sọ olùgbọ́ nù gan-an ni ibi tí a ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Yorùbá ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a tẹnu mọ́ ọ̀kan, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn ìyókù mì. Sílébù kìíní ni a ti ń tẹnu mọ́ ‘photograph’, èkejì ni ti ‘photographer’, ẹ̀kẹta ni ti ‘photographic’. Fi ìwé atúmọ̀ èdè tí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù wá àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú iṣẹ́ yín, kí o sì máa pè wọ́n tẹ̀lé e. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bánjọ ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe ní Nàìjíríà ni èyí tí yóò yé ará ilẹ̀ mìíràn, tí àwa fúnra wa yóò sì tẹ́wọ́ gbà láwùjọ. Fífi imú sọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nawọ́ rẹ sókè.

Ìbéèrè: Olóòtú, mo wà lára àwọn tí ń kọ́ni ní GST 111, iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń ṣe ní yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà, makirofóònù sì máa ń kú. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, wọ́n kàn ń mú A, B tàbí D. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ ní kíkọ? — *Olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ ti há*

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn ni yóò kọ́kọ́ bí mi nínú: kí a kọ́ ènìyàn ní kíkọ, kí a wá dán an wò láì jẹ́ kí ó kọ gbólóhùn kan, dà bí kí a fún awakọ̀ ní ìwé àṣẹ láì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ṣe òfin náà, ẹnìkan kò sì lè máa yẹ ìwé gbogbo gbọ̀ngàn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ dín àlàyé gírámà kù, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà. Ẹ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ kí wọ́n fi bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tí wọ́n wá kọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé pẹ̀lú ẹni tí ó jókòó tì wọ́n, kí onítọ̀hún sì wo ohun kan ṣoṣo tí ẹ dárúkọ: bóyá ìpínrọ̀ náà ní kókó kan, tàbí bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe bá olùwà mu. Ẹ wá gba díẹ̀ nínú wọn láì yàn, kí ẹ fi àṣìṣe inú wọn kọ́ gbogbo kíláàsì lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, láì dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Nítorí pé wọn kò mọ ìwé ẹni tí yóò kàn, gbogbo wọn ni yóò kọ ọ́ dáadáa.

Yúnítì 2 tí GST 111 ní nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2023 kò lè tó láéláé. Ṣùgbọ́n ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìlànà náà ni NUC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó yunifásítì, kọ, wọ́n sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti ja ìjà yín: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ kíkọ kan sí ọdún kejì tàbí ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ ẹ̀ka náà sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ̀yin mọ gbólóhùn, àwọn ni wọ́n mọ bí àbọ̀ ìwádìí inú iṣẹ́ wọn ṣe yẹ kí ó rí.

Ìbéèrè: Mo fi Gẹ̀ẹ́sì gboyè jáde ní Nàìjíríà, mo sì fẹ́ lọ gba oyè kejì ní ìlú Ọba. Wọ́n ní kí n ṣe IELTS, ìdánwò tí a fi ń wo bí ènìyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ṣé ìwọ̀sí kọ́ nìyí? — *Inú ń bí mi, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ó jọ ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ìlú Ọba kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà bóyá wọ́n ń gba C6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má ṣe rò pé oyè yín ti tó láti yege. Ìdánwò náà ní ìgbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì máa ń gbé ohùn tí ẹ ó gbọ́ sí afẹ́fẹ́. Wákàtí kan ni ẹ ní fún kíkọ, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ 150 ó kéré tán nípa àwòrán ìṣirò, àti 250 lórí àríyànjiyàn. Àkọ́kọ́ yìí ni kì í mọ́ ọmọ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ lára, nítorí náà òun ni kí ẹ fi ṣe ìdánrawò jù. Ọdún 2 ni èsì rẹ̀ máa ń lò. Oríṣi rẹ̀ méjì sì wà: ti ‘Academic’ ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún, nítorí pé ti ‘General Training’ kì í sábà wúlò fún ẹni tí ó ń lọ gba oyè.