Kí ni “vasa vasorum” tí dókítà ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún bàbá mi. Wọ́n ní àwọn yóò yọ iṣan kan lẹ́sẹ̀ wọn, àwọn yóò sì fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ níbi ọkàn. Dókítà ní òun ò ní bó ọ̀rá ara iṣan náà, torí “vasa vasorum”. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ tún ń fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún òun ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni o. Èdè Látìn ni, “iṣan àwọn iṣan” ló túmọ̀ sí: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín-ín tó rọ̀ mọ́ ara iṣan ńlá, tí wọ́n ń bọ́ ògiri rẹ̀.

Ògiri iṣan ńlá ní ìpele mẹ́ta: ti inú tó fara kan ẹ̀jẹ̀, ti àárín tó ń sún kì tó sì ń dẹ̀, àti ti òde tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá nínú iṣan lè bọ́ ìpele inú, àmọ́ tí ògiri bá ti nípọn, kò lè dé òde. Àwọn iṣan kéékèèké yìí ló ń ti òde wọlé wá bọ́ ìyókù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Iṣan tó bá kéré gan-an kò tiẹ̀ nílò wọn rárá.

Ibi tó ya èèyàn lẹ́nu rèé. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ jáde látinú ọkàn. Iṣan àbọ̀ ní tirẹ̀ ń gbé èyí tí ara ti lò padà, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì ti dín kù. Nítorí náà, bí ògiri iṣan àbọ̀ tilẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti iṣan àlọ lọ, vasa vasorum tirẹ̀ ló pọ̀ jù, òun ló sì ń wọlé jìnnà jù.

Vasa vasorum máa ń lọ́wọ́ nínú àwọn àìsàn kan pẹ̀lú. Àrùn sífílíìsì máa ń dí àwọn tó ń bọ́ iṣan àlọ ńlá inú àyà, ògiri yóò rọ, yóò sì wú. Níbi tí ọ̀rá bá ti dì sínú iṣan àlọ, àwọn tuntun á hù wọ inú ọ̀rá dídì náà, wọn kì í lágbára, wọ́n á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ síbẹ̀. Pípọ̀ wọn kì í fìgbà gbogbo ṣe àǹfààní. Ní ti iṣan ẹsẹ̀ tó wú kókó-kókó, àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan ló ń na ògiri, tó sì ń fún àwọn iṣan kéékèèké náà pa, ni ebi ọ́síjìn bá ń pa ògiri.

Ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ bàbá. Iṣan àbọ̀ ni èyí tí wọ́n máa ń yọ, ó gùn láti ẹ̀gbẹ́ inú kókósẹ̀ títí dé òkè itan. René Favaloro, ọmọ Ajẹntínà, ló sọ iṣẹ́ abẹ yìí di ìlúmọ̀ọ́ká ní Cleveland, Amẹ́ríkà, láti 1967. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á bó iṣan náà mọ́ tónítóní, wọ́n á wá fi omi ìfọ́nsí fẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè rí ibi tó ń jò. Bíbó yẹn ló ń já vasa vasorum dànù. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, dókítà Domingos Souza ní Örebro, Sweden, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ tọ̀rá-tọ̀rá, kò sì fẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún 16, nínú 100 iṣan tí wọ́n yọ báyìí, nǹkan bí 83 ló ṣì là. Ti àtijọ́ jẹ́ 64. N kò ní sọ pé vasa vasorum nìkan ló fà á o: ọ̀rá náà kì í jẹ́ kí iṣan ká kò, àìfẹ̀ ẹ́ náà sì ràn án lọ́wọ́.

Ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹran tí wọ́n gé pọ̀ díẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó jinná. Ẹ bi dókítà nípa bí ẹ ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé, pàápàá tí bàbá bá ní àtọ̀gbẹ. Tí iṣan kan bá sì wú kókó-kókó lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ tètè sọ, kí wọ́n lè wo ẹsẹ̀ kejì.