Kí ni kí a pèsè kí a tó gbé SQL Server sórí sáfà ilé ìwòsàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń mójútó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn. A ra sáfà tuntun tí ó ní RAM 16 GB àti dísìkì kan ṣoṣo; Windows Server 2019 ti wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ta sọ́fítíwíà àkọsílẹ̀ aláìsàn fún wa ní kí a ti gbé SQL Server 2022, sọ́fítíwíà tí ń tọ́jú àkójọ dátà, sí i kí òun tó dé. Kí ni kí n kọ́kọ́ pèsè?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Gbígbé e sórí ẹ̀rọ kì í pẹ́. Àwọn ìpinnu tí yóò béèrè lọ́wọ́ yín ni ó yẹ kí ẹ fi àkókò sí, nítorí pé òmíràn nínú wọn ṣe é tún ṣe lọ́jọ́ kejì, òmíràn sì wà tí yíyí i padà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtúnbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èyí tí ó le jù ni collation, ìyẹn òfin tí ó ń sọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra àti ìgbà tí a ó ka ọ̀rọ̀ méjì sí ọ̀kan náà. Bí Windows yín bá wà lórí Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, SQL_Latin1_General_CP1_CI_AS ni yóò yàn fúnra rẹ̀. AS inú rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ka àmì lẹ́tà sí. Nítorí náà, bí akọ̀wé kan bá tẹ “Adébáyọ̀” lónìí, tí òmíràn sì wá “Adebayo” lọ́la, káàdì náà lè má jáde, wọn a sì ṣí tuntun fún aláìsàn kan náà. (Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í tẹ àmì, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó fẹ́ kí a kọ orúkọ òun bí ó ti yẹ kò jẹ̀bi.) Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ bí ibi orúkọ bá jẹ́ varchar lásán, irú ààyè ọ̀rọ̀ tí ó ń lo àkójọ lẹ́tà collation rẹ̀, nítorí pé àkójọ lẹ́tà 1252 tí collation yìí ń lò kò ní ẹ, ọ àti ṣ, orúkọ sì lè di àmì ìbéèrè. Bí ó bá wà lọ́wọ́ mi, Latin1_General_100_CI_AI_SC_UTF8 ni n ó yàn: AI inú rẹ̀ kò ka àmì lẹ́tà sí, UTF8 sì gba ẹ, ọ àti ṣ. Àmọ́ ẹni tí ó kọ sọ́fítíwíà ni ó ni ọ̀rọ̀: ẹ pè é lónìí, kí ó fi orúkọ collation tí ó ń fẹ́ ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ.

Dísìkì kan ṣoṣo kò tó. SQL Server fúnra rẹ̀ kò béèrè ju 6 GB lọ, ṣùgbọ́n bí dísìkì yẹn bá kú, àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀ a jọ lọ ni. Ẹ ra méjì sí i, ọ̀kan fún dátà, ọ̀kan fún log (àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà tí a ṣe sí dátà), kí ẹ̀dà ìpamọ́ sì máa lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ ra UPS tí yóò gbé sáfà dúró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

RAM yín tó, Windows yín náà bá a mu. Ẹ fi max server memory, ètò tí ń sọ ìwọ̀n RAM tí SQL Server lè lò, dá a dúró sí 12 GB, kí ìyókù jẹ́ ti Windows. Ẹ̀dà Express ti SQL Server 2022 jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àkójọ dátà kọ̀ọ̀kan kò lè kọjá 10 GB. Developer náà ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gbà kí a fi tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn gidi. Bí sáfà yìí bá tún jẹ́ domain controller, ìyẹn sáfà tí ń mójútó ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù TCP 1433, ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbà bá SQL Server sọ̀rọ̀, fún kọ̀ǹpútà inú ilé ìwòsàn nìkan, kí ẹ sì ti dá ẹ̀dà ìpamọ́ kan padà wò kí orúkọ aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀.