Èsì: Ṣé kí ère aláìsàn tí a fi ń kọ́ṣẹ́ wà lórí Wi-Fi ilé ìwòsàn?

Ẹ kú iṣẹ́. Rárá, ẹ má ṣe fi ère oníkọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe bí aláìsàn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yín fi ń kọ́ṣẹ́, sórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà lórí rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ pé wáyà nìkan ni ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà olùkọ́, ewu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ráútà tirẹ̀ (ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi), ẹ kọ́kọ́ pa WPS, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí ènìyàn fi nọ́ńbà kan wọ Wi-Fi láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, lẹ́yìn náà kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá a wá padà. Òǹkà 8 ni nọ́ńbà WPS ní, àmọ́ ìdajì ìdajì ni ráútà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ìgbìyànjú 11,000 péré ti tó láti rí i. Ọ̀nà yìí ni àwọn olùwádìí University of South Alabama gbà wọlé sórí irú ère bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ròyìn rẹ̀ ní ọdún 2015.

Ẹni tí ó bá wọlé bẹ́ẹ̀ lè yí ohun tí ère náà ń fi hàn padà. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú jù ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba ìlù ọkàn èké bẹ́ẹ̀ gbọ́, tí yóò sì fi ẹ̀kọ́ òdì náà tọ́jú ènìyàn gidi. Bí ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ bá ti yàtọ̀ sí èyí tí olùkọ́ tẹ̀ sí i, ẹ dá ẹ̀kọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.