Iná gáàsì tó ń jó pupa rúsúrúsú: ẹ wo ojú iná kejì kí ẹ tó dá gáàsì lẹ́bi

Ẹ ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná sítóòfù gáàsì yín ti kúrò ní búlúù, tó ń jó pupa rúsúrúsú bíi ti àbẹ́là, tí ìdí ìkòkò sì ń dú. Ẹ wá ń béèrè bóyá ayédèrú gáàsì ni wọ́n tà fún yín. Ohun témi náà kọ́kọ́ rò nìyẹn. Mo pààrọ̀ sílíńdà, kò yí padà. Ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe ní kí n ra régúlétọ̀ tuntun. Mo rà á, iná ṣì ń pọ́n. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ha ìdí ìkòkò.

Aláǹtakùn ló fà á.

Gáàsì kì í dá jó. Kó tó dé ojú iná, ó máa ń gba inú páìpù kékeré kan kọjá lábẹ́ sítóòfù, ihò kan sì wà lẹ́nu páìpù yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí gáàsì ṣe ń tú jáde tipátipá ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí afẹ́fẹ́ bá tó, gáàsì á jó tán, iná á sì yọ búlúù. Tí kò bá tó, ẹyọ kábọ́ọ̀nù wínníwínní tí kò jó tán á máa gbóná títí á fi pọ́n. Àwọn lẹ ń rí tí iná fi dà bíi ti àbẹ́là, àwọn náà ló ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Nígbà tí mo rìnrìn àjò ni aláǹtakùn ta òwú rẹ̀ sínú páìpù tèmi, kò sì sí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ojú iná kan ṣoṣo ló ń pọ́n nígbà náà; èkejì mọ́ rekete. Gáàsì kan náà ló ń lọ síbi méjèèjì! Ká ní gáàsì ló bàjẹ́ ni, méjèèjì ni ì bá pọ́n.

Ẹ pa sílíńdà, ẹ jẹ́ kí sítóòfù tutù, kí ẹ ṣí orí iná kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú àwọn ihò rẹ̀. Ẹ má lo igi ìtayín, torí ó máa ń kán sínú ihò. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú páìpù. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Àmọ́ ihò kékeré ara idẹ tí gáàsì fúnra rẹ̀ ń gbà jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ̀ sí i, gáàsì á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, iná á tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. (Tí omi oníyọ̀ bá hó dà sí iná tó sì pọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, iyọ̀ ni, kò léwu.)

Èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú kéré rèé. Láàárín oṣù méjì yẹn, bí mo bá ti dáná tí mo sì ti fèrèsé, ẹ̀fọ́rí á dé, mo sì ń pè é ní àárẹ̀. Gáàsì tí kò jó tán máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Wọ́n máa ń fi òórùn sí gáàsì sílíńdà ká lè mọ̀ tó bá ń jò, ṣùgbọ́n carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ má tan ojú iná yẹn títí ẹ ó fi tún un ṣe, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Tí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nídìí iná, ẹ jáde síta kíákíá, kí gbogbo ará ilé bá yín jáde, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ẹ tan ojú iná kejì lálẹ́ òní, kí ẹ sọ àwọ̀ tó yọ fún mi. Tí méjèèjì bá pọ́n, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gáàsì tó ń gba inú páìpù wọ ilé ni wọ́n ṣe sítóòfù yín fún. Ihò idẹ tirẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ti gáàsì sílíńdà lọ, ẹni tó mọṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.