"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀": ta gan-an ni òwe yìí ń bá wí?

Ìyá kan láti Ṣómólú ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta lòun bí, èyí àgbà ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbígbẹ̀yìn jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ṣàlàyé òwe tó ní "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." Ọkùnrin náà ní ohun tí òwe ń wí ni pé bí èèyàn bá dépò, ará ilé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fún níṣẹ́, pé irú òwe báyìí ló ba Nàìjíríà jẹ́. Ìyá yìí wá bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àti pé ṣé kí òun fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí àwọn ọmọ òun, nítorí ìyá ọkọ òun ń fẹ́ ẹ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun sì ní nǹkan òrìṣà ni?

Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Kì í ṣe sí ìyá ọmọ yìí o, sí ọkùnrin orí rédíò yẹn ni. Ẹni tí kò jókòó ti àtẹ ìlẹ̀kẹ̀ rí, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sín in, ló gba máìkì tó ń túmọ̀ òwe ìlẹ̀kẹ̀ fún gbogbo Èkó! Ìyá tó bí mi ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Jankara títí ojú rẹ̀ kò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìdí àtẹ yẹn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ẹni tí òwe kọjú sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kò bá ọmọ wí, kò bá ọmọ ẹlòmíràn wí. Ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá wí, òbí nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nílẹ̀, òwú wà nílẹ̀, ọmọ rẹ dúró síwájú rẹ, o wá gbójú sókè, ò ń wo ọmọ ará ilé kejì, ò ń rò ó lọ́kàn rẹ pé tọ̀hún ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ìbá yẹ. Òwe ní rárá o, dá ojú rẹ padà sílé. Bí tìẹ ṣe rí ni kó rí, ìwọ lo bí i. Ìyá tó ń fi ọmọ rẹ̀ wé ọmọ ẹlòmíràn ni òwe yìí ń nà lẹ́gba. Nítorí títọ́ ọmọbìnrin ni wọ́n ṣe pa á, kó tó di ohun tí àwọn olóṣèlú ń fi bojú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àwọn àgbà náà máa ń pa á nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ẹni wọn lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ẹṣin kì í sì í yan ẹni tí yóò gun òun. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ibi tó ti jáde, àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ni ká lọ bi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bí oníbàárà bá mú ọmọ wá sí ìsọ̀ wa, ìyá mi kì í bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Á fa òwú yọ, á yí i mọ́ ọmọ náà níbàdí lórí aṣọ, á ti ìka méjì bọ àárín òwú àti ara kó má baà há, á wá gé e. Òwú yẹn ni yóò sín ìlẹ̀kẹ̀ sí. Ọmọ méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, òwú wọn kì í gùn dọ́gba, ìbáà ṣe ìbejì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan dá dé, tó ní kí ìyá mi bá òun sín ti ọmọ òun bíi ti ọmọ ọ̀rẹ́ òun tí ìyá mi ń wọ̀n lọ́wọ́ nígbà náà, pé wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ìyá mi wò ó, ó ní, "Ìwọ lo bí tọ̀hún ni?" Ó ní kó lọ gbé ọmọ tiẹ̀ wá. Wọn kì í sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ tí wọn ò rí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni òwe náà ti jáde, bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá fẹ́ bá mi jiyàn, kí wọ́n máa bọ̀.

Ẹ sì tún gbọ́ èyí. Wọn kì í so ìlẹ̀kẹ̀ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nítorí ọmọ ń dàgbà. Ìyá tó ń wẹ ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ ni yóò mọ̀ pé ó ti ń fún un. Á tú u, á fi hóró kún un, á tún un sín. Bí èyí tó bá a mu lóṣù tó kọjá bá sì wá ń yọ̀ wálẹ̀, ìyá á mọ̀ pé ọmọ ti rù, á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń ṣe é, tàbí ẹni tó ń gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ níléèwé. Abẹ́ aṣọ ló ń wà, kò sí ẹni tó ń rí i àfi ìyá tàbí ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé tìtorí ọkùnrin ni wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ọmọdé, ọkàn tiwọn ni kí wọ́n lọ fọ̀.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà kò gbà mí lákòókò. Ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wà, àwọn tó ni ín mọ̀ ọ́n, jìgídá ọmọdé kọ́. Alájà ni ìyá mi, ó ń kírun, àwọn ìyá ìjọ láti Ebute Metta sì wà lára oníbàárà rẹ̀ tó dára jù. Bí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ bá ní o kò gbọdọ̀ lò ó, ìwọ àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ ni. Ohun tí n kò ní gbà ni ti àwọn tó ń sọ pé òyìnbó ló kó ìlẹ̀kẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ní 2017, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ́ jáde pé àwọn ará Ifẹ̀ ló ń ṣe é fúnra wọn, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Ọkọ̀ Potogí wo ló ti gúnlẹ̀ sí Èkó nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú èyí tí ìyá mi tà, Czechoslovakia ló ti ń wá, tòní sì ń ti Ṣáínà wá. Ìyẹn ò sọ àṣà di ti Ṣáínà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gbọ́ òwe náà lọ́nà tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọbìnrin pọ̀ níbẹ̀, ariwo wa kì í jẹ́ kí àgbà sùn lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wa ń kólòlò, ó ga jọ̀gọ̀dọ̀, kò mọ ijó jó. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, arẹwà ni, bó bá jó gbogbo ọ̀nà á dúró. Ìgbéyàwó ńlá kan wá ń bọ̀, wọ́n ń wá ọmọ tí yóò ṣe ìyàwó kékeré, ọmọdé tó ń múra bí ìyàwó tẹ̀lé ìyàwó lọ́jọ́ náà. Ìyá akólòlò ra àrán olówó iyebíye, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, àṣé ọmọ arẹwà yẹn ló ń wọ̀n ọ́n fún. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú ti ìdílé. Ọmọ tirẹ̀ mọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fi èékánná họ ògiri.

Ìyá àgbà mi pe obìnrin náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀..." ó dákẹ́, ó ń wò ó lójú. Ó fẹ́ kí ó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó parí òwe, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ télọ̀, wọ́n tú etí aṣọ nítorí gíga ọmọ, akólòlò sì ni ìyàwó kékeré lọ́jọ́ náà. Kò jó. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ṣáá ni. Ọmọ arẹwà ńkọ́? Ìyá tirẹ̀ wà láyé, ó rán aṣọ tirẹ̀ fún un, ó jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ni wọ́n rẹ́ jẹ? Kò sí. Kí ọkùnrin orí rédíò wá sọ fún mi ibi tí ojúsàájú wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá lọ dúró lẹ́nu géètì iléèwé èyíkéyìí ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún wọn ní káàdì èsì. "Ṣé orí méjì ló wà lọ́rùn ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní ni?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òmíràn ní ọmọ àbúrò òun ti wọ Queen's College ní Yaba, ó sì ń wo ọmọ tirẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Láti 1927 tí wọ́n ti dá iléèwé yẹn sílẹ̀ ni àwọn ìyá l'Ékòó ti ń fọkàn fẹ́ ẹ fún ọmọbìnrin wọn, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń yin ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀ lójú ọmọ tirẹ̀, kí ló ń ṣe bí kò ṣe pé ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù ni ti àwọn tó ń fi òwe yìí gbèjà ìkà. O gba ọmọ láti abúlé, o ní kó wá máa ràn ọ́ lọ́wọ́, tìẹ wọ mọ́tò lọ síléèwé, tọ̀hún ń kiri omi inú ọ̀rá ní Ojúẹlẹ́gba. A bi ọ́, o ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, kò béèrè ẹni tó bí i. Àwọn àgbà agbo ilé wa náà kò béèrè. Ọmọ tó bá ti sùn sábẹ́ òrùlé rẹ, tó jẹ nínú ìkòkò rẹ, ọwọ́ rẹ ló ń wò.

Ìyá Ṣómólú tún fi òwe méjì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, "Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran" àti "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Ìyẹn ò fara sin, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń túmọ̀ ara wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ta ló ń wẹ ọmọ rẹ̀ lónìí? Ìyá ti gun bíríjì Third Mainland kí ilẹ̀ tó mọ́, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọlé, ọmọ ti sùn. N kò dá a lẹ́bi, owó iléèwé kì í bọ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá tó jẹ́ pé ẹnu tíṣà ló ti gbọ́ pé ọmọ òun ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Láyé ìyá mi, èyí kò lè ṣẹlẹ̀, torí ọwọ́ ìyá kì í jìnnà sára ọmọ. Ní báyìí, orí Instagram ni ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wà, wọ́n ní kí àgbàlagbà fi máa wọn ikùn bóyá ó ń sanra. Kò burú. Ọmọdé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn sí èyí tí o bi mí gan-an rèé. Ọmọ ọdún méje, bi í kó o tó so ó, bó bá kọ̀, fi í sílẹ̀. Bó bá gbà, òwú ni kó o lò, má lo okùn ìpẹja, torí bí òwú bá há mọ́ nǹkan á já, okùn ìpẹja á gé ọmọ lára. Fi ìka méjì sílẹ̀ bí mo ṣe sọ. Èyí tó ń lọ sí mọ́kànlá, má bá a sín in, jẹ́ kí ẹ jọ jókòó sín in ni. Bí ọwọ́ bá ń sín, tí ojú ò kọjú síra wọn, ẹnu á sọ ohun tí kò ní sọ bó o bá pè é jókòó síwájú rẹ. Ọmọ tó ṣì ń rá, tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, má fi hóró kankan sún mọ́ ọn. Ìyá ọkọ rẹ tó ń fẹ́ ẹ ńkọ́? Sọ fún wọn pé o gbà, àwọn ni kí wọ́n wá sín in fúnra wọn, kí wọ́n sì máa bá ọ wẹ àwọn ọmọ lálẹ́ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá ọ dúró lórí bíríjì.