Ṣé òótọ́ ni pé ihò rélùwéè wà lábẹ́ ìlú Cincinnati tí ọkọ̀ kankan ò gbà rí?

Òótọ́ ni. Lọ́dún 1916 làwọn ará Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dìbò pé kí ìlú yá mílíọ̀nù 6 dọ́là láti fi ṣe rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1920, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, owó tí wọ́n yá ò sì ká a mọ́. Ní 1927, owó tán, iṣẹ́ dúró.

Ojú odò àtọwọ́dá àtijọ́ kan tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ ni wọ́n kọ́ ihò náà sí, wọ́n wá la títì Central Parkway gba orí rẹ̀. Pèpéle kọnkéré tó yẹ kí èrò máa dúró sí ṣì wà ní ibùdókọ̀ Race Street, àmọ́ wọn ò to irin síbẹ̀ rí. Páìpù omi ńlá ni wọ́n wá gbé gba inú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí pé wọ́n kọ́ ọ dáadáa.

Tó bá jẹ́ tòde òní lẹ ń béèrè, ọkọ̀ iná mànàmáná kan ti ń rìn lórí irin láàárín ìlú láti 2016, bíi máìlì 3.6 ní yíyípo. Ọ̀fẹ́ ni láti 2020: ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín ní tíkẹ́ẹ̀tì.