Ọmọ mi fẹ́ lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbi ọjà àwọn àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Kétu ni mí, Lyon ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Àkọ́bí wa obìnrin wà ní yunifásítì. Ó ní òun fẹ́ lo ìsinmi oṣù Keje àti Ìkẹjọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí kì í wá èrè, tó ń ṣètò ọjà fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké kí wọ́n lè ta ẹ̀fọ́ wọn fún ará ìlú láìgba ọwọ́ alágbàtà. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ fárí gá: ìyá òun ta àgbàdo ní Kétu kí òun tó kàwé, kí ni ọmọ òun ń wọ bàálù lọ ta ẹ̀fọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí? Yorùbá ọmọ náà ò sì já gaara. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn:
Ìyá ọmọ, ẹ kú àníyàn. Àdúgbò Ouando ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Brussels ni mo ti ń tọ́ ọmọ báyìí, ọmọkùnrin mi sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ìyá bàbá rẹ̀ ní Kétu.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. “Láìgba ọwọ́ alágbàtà” dùn ún gbọ́ létí, pàápàá fún ọmọ tó dàgbà sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ta ni alágbàtà náà? Àwọn ìyá wa alájàpá ni. Àwọn ló ń wọ oko lọ ra ọjà, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gba Pobè àti Sakété wọ Àjàṣẹ́. Bí tòmátì bá jẹrà lójú ọ̀nà, àwọn ló jẹ gbèsè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn náà ló ń yá àgbẹ̀ lówó kí irè tó dé. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá yọ alájàpá kúrò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tí alájàpá ń gbé. Ta ni yóò sanwó ọkọ̀? Ẹ̀fọ́ tó bá kù nílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, ta ló ni àdánù rẹ̀? Bí àgbẹ̀ bá nílò owó kí ó tó kórè, ta ni yóò fún un? Kí ọmọ yín fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn láìjanpata.

Àkókò tó fẹ́ lọ yẹn dára púpọ̀. Oṣù Keje sí Ìkẹjọ ni àgbàdo àkọ́kọ́ ń jáde ní gúúsù Benin, owó rẹ̀ a sì já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń wá owó ilé ìwé tí yóò san ní oṣù Kẹsàn-án á tà á lọ́pọ̀. Ẹni tó bá lè tọ́jú tirẹ̀, tí kòkòrò ò jẹ ẹ́, á rí owó gidi lẹ́yìn náà. Kó béèrè iye tí wọ́n ń ta àgbàdo ní Kétu, kó tún béèrè ní Ouando, kó wá ṣírò ohun tó wà láàárín. Ìyá ọkọ yín lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un ju ìwé èyíkéyìí lọ, bàbá rẹ̀ á sì rí i pé iṣẹ́ ìyá òun náà lọmọ òun ń lọ kọ́.

Ní ti iṣẹ́ gan-an: àpótí ẹ̀fọ́ ni ọmọkùnrin mi kọ́kọ́ ń gbé. Ìyá kan tó ń ta tòmátì ló wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣà á, èyí tí yóò dé ọ̀la sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà lónìí sọ́tọ̀. Lẹ́yìn yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọ ohun tó tà àti ohun tó kù sínú ìwé. Irú iṣẹ́ tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ kan ìbá gbowó lé lórí, kí ọmọ yín má gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó má sì ya fọ́tò àwọn ìyá láìtọrọ ààyè.

Yorùbá rẹ̀ ò ní dí i lọ́wọ́. Ouando gba Ègùn, gba Yorùbá, gba Faransé. Kó ti mọ “ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá,” kó sì mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Ìyókù, àwọn ìyá ọjà á kọ́ ọ.

Nígbà tó bá sì wà ní Ouando, kó yà sí Songhaï, oko àti ibi ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì níbẹ̀, wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń fún omi èso, wọ́n sì ń tà á fúnra wọn. Á rí ibi tí wọ́n ti ń ro ọ̀rọ̀ títà mọ́ ọ̀rọ̀ gbígbìn.

Ti ìwé: kí yunifásítì rẹ̀ fọwọ́ sí convention de stage (ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́) pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà, kí orúkọ ẹni tí yóò máa bójú tó o àti iṣẹ́ tí yóò ṣe wà nínú rẹ̀. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ oògùn ibà. Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Faransé nìkan ló ní, á gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì ní kó san owó ńlá kó tó lè bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ bi wọ́n pé èló nínú rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ti dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn, ẹ fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́ sí mi, ká jọ kà á.